Ọlọ́dún Kejì Tó Ń Jẹ́ Olúyọmí

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Keje

Mildred, òjò kò dá láti àná. Mo dé ẹbu epo ní àárọ̀, mo tún padà sílé torí pé kò sí ẹyìn tí a ó sè. Àwọn tó ń gé ẹyìn ní àwọn kò lè gun ọ̀pẹ nínú òjò. N kò bá wọn jà. Agbára ìjà gan-an kò sí lára mi mọ́. Iye jẹ púpurú, ó ní ọbẹ̀ marúgbó tí mo sè kò níyọ̀. Iyọ̀ wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí o ti lọ ni ẹnu ìyá mi kò ti mọ adùn nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ mi ló ń bá wí.

Motọ́lání akẹ́kọ̀ọ́ rẹ àtijọ́ ti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fóònù ṣe l'Ókìtìpupa, ó gun ọ̀kadà wá sí Ìlútítun nínú òjò náà. Omi ń ro tótó lára rẹ̀. Ó jókòó sórí àga rẹ, ó rántí, ó sáré dìde.

"Bàbá, ẹ má bínú. Líìgì bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà wa ló gbé mi wá."

Mo ní ṣé ẹ ṣì ń ṣe é ni.

"A ò lè ṣe é, Bàbá. Sáà tó kọjá ti parí kí Mọ́mì tó lọ. Ó ku kí wọ́n to àwọn agbábọ́ọ̀lù ọlọ́dún kejì. Tí wọn ò bá tò wọ́n, sáà tuntun ò lè bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹgbẹ́ ńkọ́? Ẹ ò lè tò wọ́n fúnra yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ta ló máa to tiẹ̀ sí ìsàlẹ̀? Mọ́mì nìkan la gbà fún. Àwọn kan tiẹ̀ ti ń sọ pé tí kò bá ti sí ẹnì kan láti ilé yín tó máa ṣe é, kí kálukú máa bá tiẹ̀ lọ."

Mo ní epo nìkan ni mo mọ̀. Ó ní ṣebí mo máa ń jókòó tì ọ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí o bá ń ṣe é. Òótọ́ ni, mo máa ń jókòó tì ọ́. Ojú rẹ ni mò ń wò, n kò wo kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́rú, 9

Mo nu eruku orí kọ̀ǹpútà rẹ. N kò ṣí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Oòrùn yọ díẹ̀, sólà orí òrùlé ẹbu sì gba iná. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ síbẹ̀. Motọ́lání ń darí mi lórí fóònù: ẹ tẹ ibí, ẹ tẹ ọ̀hún, rárá, Bàbá, ẹ má tẹ ìyẹn o. Nígbà tó yá gbogbo rẹ̀ jáde. Ẹgbẹ́ mẹ́wàá. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló gbá gbogbo bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ náà láìsí pé ẹnikẹ́ni làágùn, ó sì kọ ohun tí olúkúlùkù ṣe sílẹ̀: ẹni tó jù ú sínú agbọ̀n, ẹni tó gbé e fún ẹlòmíràn, ẹni tó sọ ọ́ nù.

Mo ti gbàgbé bí ẹ ṣe ń sọ wọ́n lórúkọ. Kọ̀ǹpútà á dá agbábọ́ọ̀lù, ẹ̀yin á fi orúkọ èèyàn yín lé e lórí, ọkùnrin tàbí obìnrin, òkú tàbí alààyè. Mo rántí ariwo ọjọ́ tí Philemon, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù Òde-Ìrèlè, kó àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ àti ìyàwó wọn sínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. O ní ìpàdé ẹbí kọ́ lẹ ń ṣe níbí. Ọjọ́ náà lo ṣòfin: ilé kan, orúkọ kan. Ilé tó bá ti ní ẹnì kan nínú líìgì kò gbọdọ̀ fi ẹlòmíràn sí i, àfi tí ẹni àkọ́kọ́ bá jáde.

Àwọn ọlọ́dún kejì jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Sáà oṣù mẹ́ta kan lẹ ń pè ní ọdún. Mẹ́ta tó bá kẹ́yìn, ẹ ó pa orúkọ wọn rẹ́, ó parí. O kì í ṣe ojúsàájú fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ: "Ọdún kìíní, ẹ jẹ́ kó sáré. Ọdún kejì la ó mọ ohun tó jẹ́."

Mo ń ka orúkọ wọn bọ̀ láti òkè. Mo dé inú ẹgbẹ́ tìrẹ. Olúyọmí.

Mo pe Motọ́lání padà. Mo ní Olúyọmí wo nìyí?

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ṣé Mọ́mì ò sọ fún yín ni?"

O ò sọ fún mi. Àyè kan ṣoṣo ni ilé wa ní, èmi lo fi sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, n kò lè kọrin. Nígbà tí mo dé, mo lọ sẹ́yìnkùlé wò ọ́. Òjò ti mú kí ilẹ̀ ibojì rẹ rì ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo bu yẹ̀pẹ̀ sí i, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Lẹ́yìn náà mo wo Olúyọmí dáadáa. Ó kúrú, ó wúwo. Orúnkún òsì rẹ̀ ti yẹ̀ nínú sáà kọ̀ọ̀kan. Ó ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni ń sọ òkò sí ẹyẹ lórí ìbẹ́pẹ. Nínú mẹ́wàá tó bá jù, méjì ni yóò wọlé, bí ọjọ́ bá dára. Síbẹ̀ kò sí ìdíje kan tí o kò gbé e wọ pápá. Agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ú lọ wà lórí bẹ́ǹṣì, o fi onítọ̀hún sílẹ̀ níbẹ̀.

Mildred, kí lo rò?

Orúnkún òsì ni tèmi náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15

Mo sọ fún Iye pé orúkọ mi wà nínú kọ̀ǹpútà, mò ń gbá bọ́ọ̀lù.

"Kí ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀?"

"Ọlọ́dún kejì."

"Ìwọ? Ìwọ tí irùngbọ̀n rẹ ti funfun?"

Mo ṣàlàyé títí. Ó ní ṣé wọ́n ń sanwó fún Olúyọmí ọ̀hún. Mo ní rárá. Ó ní ṣé ó ń jẹun.

"Kò jẹun, Iye."

"Ó sàn fún un," ni ó wí. "Kò ní mọ irú ọbẹ̀ tí ò ń sè."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá rí i pé ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn nínú ilé yìí, ẹ̀rín náà sì bà mí lẹ́rù, àfi bíi pé mo jí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19

Mo ti tò wọ́n tán! Mo ṣiṣẹ́ náà láàárọ̀ kí oòrùn tó wọ̀ sínú ìkùukùu. Ojú ń ta mí. Mo fi ránṣẹ́ sínú Wásáàpù yín. Ọdúnlámì, bàbá Philemon, ni mo fi síwájú.

Epo ti ń wọ́n. Ẹnì kan tó wá láti Orè fẹ́ ra kẹ́ẹ̀gì ńlá kan ní ₦43,000, n kò sì ní èyí tí n ó tà fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 20

Mildred, ó ti bàjẹ́.

Kí n tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, fóònù ti kún. Motọ́lání ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀: "Bàbá! Fúnlọ́lá tó jù ú wọlé ju gbogbo líìgì lọ, òun lẹ fi ṣe ìgbẹ̀yìn?" Philemon dá a lóhùn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá òun ti wà nípò tó tọ́ sí wọn, ẹni tó bá ń bínú kó lọ bí bàbá tirẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí bọ́ọ̀lù náà kọ́kọ́ máa dọ̀bálẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó gbé e.

Ọ̀gbẹ́ni Adéríbigbé, èyí tí ẹ jọ ń kọ́ni ní ilé ìwé, ló wá kọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ orí lẹ fi tò wọ́n."

Mo wò ó. Ọjọ́ orí ni lóòótọ́. Láti orí àgbà tó dàgbà jù, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé orí ọmọ ọwọ́. Èmi sì wà láàárín, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi. N kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe é. Mo rò pé iye bọ́ọ̀lù ni mò ń wò.

Ṣùgbọ́n, Mildred, Tíṣà Ọdúnlámì ló kọ́ mi ní A, B, D. Ó fi ẹgba kọ́ mi, ó sì fi àánú kọ́ mi. Fúnlọ́lá ọmọ Motọ́lání ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò ni. Ó tọ̀ sí mi lára nígbà tí wọ́n gbé e wá kí wa ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ. Báwo ni ọwọ́ mi yóò ṣe fi í ṣíwájú Tíṣà?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22

Motọ́lání wá. Inú ti ń bí i tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tó rí ojú mi, ó sinmi.

"Bàbá, ẹ má wo orúkọ. Mọ́mì kì í wo orúkọ."

"Kí ló wá ń wò?"

"Wọ́n máa ń fi ọwọ́ bo apá ibẹ̀ ni. Ẹ ò rántí?"

Mo rántí pé ọwọ́ òsì rẹ máa ń wà lójú kọ̀ǹpútà. Mo rò pé ò ń sinmi lé e ni. Èmi kò lè máa gbé ọwọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, èjìká mi ò gbà á. Mo gé páálí mílíìkì, mo fi tápù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí orúkọ wà. Ohun tí ó kù lójú mi ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 24

Tóyọ̀sí pè láti Àkúrẹ́. Ó ní ṣé mo ti jẹun. Mo sọ̀rọ̀ Olúyọmí fún un.

"Dádì, Mọ́mì fi yín síbẹ̀, wọn ò fi ọmọ wọn kan ṣoṣo síbẹ̀?"

"Ilé kan, orúkọ kan ni."

"Ẹ ṣáà gba àyè mi lọ́wọ́ mi."

Ó ń ṣe àwàdà. Lẹ́yìn náà kò ṣe àwàdà mọ́, ó ní òun máa pe padà. Kò pè.

Òjò tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26

Iṣẹ́ náà le, Mildred. N kò mọ̀ pé ó le tó báyìí. Ẹnì kan ń jù ú wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń sọ bọ́ọ̀lù nù. Ẹnì kan kì í jù ú, àmọ́ gbogbo ẹni tó bá dúró tì í ló ń jù ú wọlé. Mo ń gbé wọn sókè, mo ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, mo ń pàdánù ibi tí mo dé, mo tún ń bẹ̀rẹ̀. O máa ń ṣe èyí lẹ́yìn tí o bá ti kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá nínú oòrùn láti àárọ̀, tí o ti se oúnjẹ, tí o ti wẹ Iye.

Nígbà tí mo tò wọ́n tán, mo ṣí páálí náà. Fúnlọ́lá ló wà lókè pátápátá. Tíṣà Ọdúnlámì bọ́ sí àárín. Agatha, ìyá Adéríbigbé, ló gba ipò ìkọkànlélógún, ìyẹn ni pé ó yọ nínú ewu díńdín.

Olúyọmí ni ìkẹrìnlélógún.

Kí n tó ṣí páálí ni mo ti mọ̀ ọ́n. Orúnkún ni mo fi dá a mọ̀. Mo gbìyànjú láti rí ohun kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí n ó fi gbé e sókè. Bóyá ó ń gba bọ́ọ̀lù tó bá ta padà. Kò gbà á. Bóyá ó ń dí ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn. Ńṣe ni wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ọ̀kadà ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ kòtò. Kò sí nǹkan kan. Ìwọ lo ṣáà fi í síbẹ̀.

N kò fi ìtò náà ránṣẹ́. Motọ́lání nìkan ni mo kà á fún lórí fóònù.

Ọjọ́ Ajé, 28

Philemon gbé ẹja wá láti Òde-Ìrèlè. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Iye, ó bá mi tú ilé ẹ̀rọ ìfúnpo tó há, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì. Ìgbà tó ń fọwọ́ ló wá sọ ohun tó bá wá.

"Bàbá, Motọ́lání sọ ibi tí Olúyọmí bọ́ sí fún wa."

Mo ní ẹnu Motọ́lání ò lè pa nǹkan mọ́ ni.

"Ẹ gbọ́ mi, sà. Gbogbo wa ti fẹnu kò. Ẹ gbé e sí ipò kẹrìnlá. Kò sẹ́ni tó máa sọ nǹkan kan."

"Kì í ṣe ipò rẹ̀, Philemon."

"A mọ̀. Ṣùgbọ́n Mọ́mì ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe, ẹ̀yin ni kí ẹ wá fi ọwọ́ yín pa á rẹ́? Èmi ò ní lè ṣe é. Bàbá mi tó ti kú láti ọjọ́ yìí, mo pariwo nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n bọ́ sí àárín."

Ẹja náà dára. Iye ní òun tọ́ iyọ̀ wò nínú rẹ̀.

Ọjọ́rú, 30

Mo gbé Olúyọmí sí ipò kẹrìnlá, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n ń fi àtẹ́wọ́ ránṣẹ́, wọ́n ń fi ọkàn pupa ránṣẹ́. "Bàbá ti ṣe é!" "Ọlọ́run á tù yín nínú, sà." Ara mi balẹ̀.

Ara mi kò balẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹjọ

Òjò ti ń sinmi, bó ṣe máa ń ṣe nínú oṣù yìí. Ojú ọ̀run kàn ṣú ni. Adéríbigbé wá kí wa. O mọ bó ṣe máa ń ṣe, ará Èkìtì tí kì í wọlé kó má kí gbogbo ohun tó wà nínú ilé. Ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń wo agbọ̀n onírin tí o kàn mọ́ ọn fún Tóyọ̀sí. Ó ti dógùn-ún.

Iye ní ṣé ìyá rẹ̀ ṣì wà.

"Wọ́n wà, mà. Wọn ò lè jáde nílé mọ́. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pè wọ́n. Kí n tó kí wọn tán, wọ́n á ti ní, 'Ṣé mo jù ú wọlé lọ́sẹ̀ yìí?'"

Iye rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ṣé wọ́n máa ń jù ú wọlé?"

"Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mà. Tí wọ́n bá jù ú wọlé, wọ́n á sọ fún gbogbo àdúgbò."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Mo ní, "Adéríbigbé, nígbà tí mo gbé Olúyọmí sókè, ta ló bọ́?"

Ó wo ilẹ̀. Agatha ni. Láti ìkọkànlélógún ó di ìkejìlélógún. Ó ti wà nínú àwọn mẹ́ta tó ń lọ, n kò sì wò ó lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí lo máa wá sọ fún wọn?"

"Mo máa sọ pé wọ́n ti fẹ̀yìn tì, sà. Wọ́n á fẹ́ pátì." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Kò tó nǹkan, Bàbá. Ọ̀fọ̀ lẹ wà."

Ó ti lọ tipẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn kò lọ. Ọ̀fọ̀ lẹ wà. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ fún mi, wọ́n sì ń rìn yí mi ká bíi pé mo jẹ́ ẹyin. Ìyá àgbà kan tó jókòó sílé lÉkìtì, tí kò mọ̀ mí rí, ló wá ń san án.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Ìdì ẹyìn díẹ̀ wọlé. A sè é, a fún un. Ó rẹ̀ mí dé inú egungun. Nígbà tí mo jókòó, ọdún tí o to ìyá rẹ sí ìgbẹ̀yìn ló wá sí mi lọ́kàn. Orúkọ màmá ni agbábọ́ọ̀lù náà ń jẹ́, ìwọ fúnra rẹ lo fi í síbẹ̀, o sì pa á rẹ́. O ti kọ̀ǹpútà pa, o wá sí yàrá, ò ń sunkún, mo rò pé ẹnì kan kú ní ilé yín. Mo ní tó bá dùn ọ́ tó báyìí, kí ló dé tí o ṣe é? O ní, "Wọ́n gbà mí gbọ́ ni, Yọmí."

Bí o bá wà, ibi tó yẹ mí ni ìwọ náà ì bá fi mí sí. O ó wá jókòó tì mí, o ó gbé ọwọ́ lé orúnkún mi.

Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo máa ṣe é. Èmi ni. Èmi ni n ó fi ọwọ́ mi yọ ohun ìkẹyìn tí o fi orúkọ mi pè.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

N kò ṣe é lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Mo ti ṣe é. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́, ìtò tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ sí kì í ṣe òtítọ́. Mo fi ojúsàájú ṣe é. Olúyọmí ni ìkẹrìnlélógún. Agatha dúró. Ẹ ṣeun fún àánú yín."

Kò sẹ́ni tó fèsì fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Philemon ló kọ́kọ́ kọ̀wé: "Bàbá, ẹ le o." Lẹ́yìn náà: "Bíi Mọ́mì."

Ní ìrọ̀lẹ́, Adéríbigbé fi ohùn ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ohùn náà tinrín, ó sì ń pàṣẹ: "Ẹ bá mi kí bàbá yẹn ní Ìlútítun. Ẹ ní mo dúpẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí lọ́dún tó kọjá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò mí lọ́dún yìí."

Iye gbọ́ ọ. Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo sọ fún un.

"Ta ló fi ọmọ tèmi ṣe ìgbẹ̀yìn?"

"Èmi ni, Iye."

"O jókòó, o fi ara rẹ ṣe ìgbẹ̀yìn? Èmi tí mo bí ọ wà nínú ilé, o kò bi mí léèrè!" Ó bínú, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi gbàdúrà ìrọ̀lẹ́. Nínú àdúrà náà ló ti ní kí Ọlọ́run dárí ji ẹni tí kò mọ iyì ara rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14

Motọ́lání wá bá mi pa àwọn mẹ́ta náà rẹ́. Ó ṣe méjì. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó ní òun ò lè ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Kọ̀ǹpútà béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó dá mi lójú. Mo jókòó, mò ń wò ó. Orí òrùlé ẹbu, ẹyẹ ń rìn káàkiri lórí páànù. Mo tẹ̀ ẹ́.

Mo rò pé nǹkan á dún. Nǹkan kan kò dún. Ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ kàn sún sókè díẹ̀, ó gba ibẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Ibà. Iye ló se ọbẹ̀. Iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23

Ara mi ti ń yá. Kọ̀ǹpútà dá àwọn ọlọ́dún kìíní tuntun. Motọ́lání gbé Fúnlọ́lá pọ̀n wá, ọmọ náà ti ń di nǹkan mú dìde. Ó di ẹsẹ̀ àga rẹ mú, ó ń wò wá bíi pé òun ló ni líìgì. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá." Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

A ń sọ wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ní ẹgbẹ́ ń pè láti orí fóònù, wọ́n ń jà lórí ẹni tó ga. Nígbà tó kan ẹgbẹ́ tìrẹ, Motọ́lání yí ojú sí mi.

"Bàbá, àyè ilé yín ti ṣófo. Ta ni ká kọ?"

N kò rò ó tẹ́lẹ̀, Mildred. Ọlọ́run gbọ́. Mo ń ronú bí n ó ṣe jáde nìkan, n kò ronú pé ibi tí mo dúró sí yóò ṣófo. Mo fa kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ ara mi. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi ń wá lẹ́tà náà kiri. M wà nísàlẹ̀. L wà ní ọ̀tún. Motọ́lání gbé ọmọ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ fi máńgòrò hàn án, bẹ́ẹ̀ ni máńgòrò ti tán lórí igi.

O ga. O ga ju ilẹ̀kùn wa lọ, ìwọ tí o máa ń gun àpótí kí ọwọ́ rẹ tó dé orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ òsì lo fi ń jù ú. Kọ̀ǹpútà ní o yára, ó ní o kò tíì mọ nǹkan kan.

Mo pe Tóyọ̀sí, mo sọ fún un. Ó ní, "Dádì, ẹ tún gba àyè mi." Lọ́tẹ̀ yìí ó dúró lórí fóònù, a jọ sunkún tán, a wá sọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n gáàrì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30

Sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ lónìí. Oòrùn dára, sólà kún. Mo gbé àga Iye wá sí ẹbu kó lè gbọ́. Motọ́lání àti Adéríbigbé wà níbẹ̀, Philemon wà lórí fóònù, ó ń pariwo kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo ń kà á sókè fún ìyá mi.

"Mildred gba bọ́ọ̀lù."

Iye gbé orí sókè. N kò tíì sọ fún un. Ó wo ojú mi, ó tún wo kọ̀ǹpútà. Ó tún ìró rẹ̀ ṣe, ó sún mọ́ iwájú.

"Mildred jù ú. Kò wọlé."

"Ẹni tó dúró síwájú rẹ̀ ló tì í," ni Iye wí.

"Kò sẹ́ni tó tì í, Iye."

"Ǹjẹ́ ìwọ wà níbẹ̀?"

Ẹlẹ́ẹ̀kejì kò wọlé. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta gba etí agbọ̀n, ó jáde. O sọ bọ́ọ̀lù kan nù lẹ́sẹ̀ ara rẹ. Agatha gbà á, ó sì jù ú wọlé, Adéríbigbé fò sókè, ó ní òun gbọ́dọ̀ pe ilé báyìí báyìí. Inú mi dùn fún un. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin kò dé ibi tí agbọ̀n wà rárá.

Motọ́lání rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń jù ú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ká gbé Mọ́mì jáde, kí wọ́n sinmi?"

Iye ti gbọ́. "Ẹ fẹ́ lé e ni?"

"Rárá, mà. Ọlọ́dún kìíní ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó lè tò wọ́n."

Mo wo orúkọ rẹ, kò sí páálí lórí rẹ̀. Mo wo ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tó kù. Gbogbo wọn ń wò mí. Orúnkún òsì mi ń ro mí, mo gbé ọwọ́ lé e.

Mo ní kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀ nínú pápá.